Wọ́n ní kẹ́ ẹ gbé ọmọ lọ rí dókítà ọkàn: kí lẹ máa ṣe kẹ́ ẹ tó lọ, kí sì ni wọ́n máa ṣe fún un níbẹ̀?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá kan tá a jọ ń tajà pè mí láàárọ̀ kùtù, ẹkún ló fi bẹ̀rẹ̀. Ó gbé ọmọ ẹ̀ olóṣù mẹ́ta lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, dókítà gbé ohun àyẹ̀wò lé ọmọ náà láyà, ó gbọ́ nǹkan, ó tún gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì, ó wá kọ lẹ́tà fún un pé kó máa lọ sí ọsibítù ńlá lọ rí dókítà ọkàn ọmọdé. Nínú gbogbo àlàyé tí wọ́n ṣe fún un, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló rántí, "murmur". Ó ní, "Ìyá Àyọ̀, ṣé ọmọ mi máa kú ni?"

Èmi náà ti béèrè ìbéèrè yẹn rí. Wọ́n ti kọ irú lẹ́tà yẹn fún mi lórí ọmọ mi kejì, mo sì ṣe gbogbo àṣìṣe tí èèyàn lè ṣe kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń lọ síbẹ̀. Èmi kì í ṣe dókítà o, aṣọ ni mò ń tà ní Gbági, ṣùgbọ́n mo ti jókòó pẹ́ lórí bẹ́ǹṣì kílíníìkì yẹn, àbúrò mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì sì ti ka gbogbo ohun tí mo kọ síbí kí n tó gbé e síta, àwọn ibi tí mo ti sọ̀sọkúsọ, ó ti fa igi lé e.

Ọkàn wo gan-an là ń sọ?

Ẹ jẹ́ ká ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí èdè wa máa ń fi ọ̀rọ̀ kan ṣiṣẹ́ mẹ́ta. Ọkàn tá a fi ń ronú, ọkàn ni. Ọkàn tó ń bàjẹ́ tí wọ́n bá yan wá jẹ, ọkàn náà ni. Èyí tó ń lù láyà, òun náà ọkàn. Nígbà tí mo sọ fún màmá mi pé wọ́n ní ká lọ wo ọkàn ọmọ, ohun tí wọ́n sọ ni pé "kí lọmọ ọdún kan ń rò tí ọkàn ẹ̀ fi ń ṣàìsàn?" Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀bi wọn kọ́.

Èyí tó ń lù láyà yẹn là ń sọ. Kò tóbi ju ìkúùkù ẹni tó ni ín lọ, tó bá jẹ́ ti ìkókó, ẹ wo ìkúùkù ìkókó kẹ́ ẹ mọ bó ṣe kéré tó. Iṣẹ́ ẹ̀ ni pé kó máa ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara, bí pọ́ǹpù tó ń ti omi lọ sínú tánkì.

Ilé oníyàrá mẹ́rin ni, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Ògiri wà láàárín ọ̀tún àti òsì, ilẹ̀kùn wà láàárín òkè àti ìsàlẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo sì làwọn ilẹ̀kùn yẹn ń ṣí sí, ẹ̀jẹ̀ tó bá ti kọjá kò gbọ́dọ̀ padà sẹ́yìn. Apá ọ̀tún ló ń gba ẹ̀jẹ̀ tó ti lo afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ tán, á tì í lọ sí ẹ̀dọ̀fóró kó lọ gba afẹ́fẹ́ tuntun, bí ìgbà tí dánfó bá yà sílé epo. Apá òsì á wá gba èyí tó ti kún, á tì í lọ sí gbogbo ara, látorí dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti di èyí mú, ohun yòówù kí dókítà ó sọ, ọ̀kan nínú nǹkan mẹ́rin ló sábà máa ń jẹ́: ògiri ló ní ihò, àbí ilẹ̀kùn ni kò ṣí tàbí kò pa dáadáa, àbí páìpù kan ló fún tàbí tó wà níbi tí kò yẹ kó wà, àbí pọ́ǹpù fúnra ẹ̀ ló ti rẹ̀.

Kí wá ni murmur?

Ìró ni. Kì í ṣe orúkọ àrùn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ tún un kà. Bí ọkàn ṣe ń lù, ìró méjì méjì ló ń dún, ilẹ̀kùn ló ń pa dé. Tí dókítà bá wá gbọ́ ìró mìíràn láàárín méjèèjì, tó ń dún ṣììì bí ẹni ń fẹ́ iná, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní murmur.

Ẹ lọ sídìí ẹ̀rọ omi, ẹ ṣí i, kẹ́ ẹ fi àtàǹpàkò dí ẹnu ẹ̀ díẹ̀, ẹ ó gbọ́ bó ṣe máa dún. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń gba ihò tàbí ojú ọ̀nà tó fún kọjá, bó ṣe máa dún nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí nǹkan kan ò ṣe náà ń dún tí omi bá ti ń sáré nínú ẹ̀, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Àyà ọmọdé fẹ́lẹ́, ọkàn wọn sì ń sáré ju tiwa lọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbọ́ ìró yìí lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ tí ọkàn wọn le koko. Tọ́mọ bá ní ibà lọ́jọ́ yẹn, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ò tó lára ẹ̀, ìró náà á tún ròkè sí i. Àwọn ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ SS, torí pé ẹ̀jẹ̀ wọn kì í sábà tó, wọ́n máa ń gbọ́ ọ lára wọn dáadáa.

Torí náà, dókítà tó kọ lẹ́tà yẹn kò sọ pé ọmọ yín ní àrùn. Ohun tó sọ ni pé òun gbọ́ nǹkan, kí ẹni tó ní ẹ̀rọ tó ń wo inú lọ wò ó. Èmi ò mọ èyí, ọjọ́ mẹ́ta ni mi ò fi sùn.

Tó bá wá jẹ́ pé nǹkan wà níbẹ̀ lóòótọ́ ńkọ́?

Nínú ọmọ 1,000 tí wọ́n bá bí láàyè, nǹkan bíi 8 ló ń bá ìṣòro ọkàn wáyé, èyí tó kéré àtèyí tó le pa pọ̀, kì í sì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan, kárí ayé ni. Kò níí ṣe pẹ̀lú pé ìyá jẹ ohun tí kò yẹ kó jẹ. Lára ọ̀pọ̀ ọmọ, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó fà á. Àwọn ìgbà mìíràn wà tá a mọ̀, bíi kí rubella, àìsàn kan tó jọ measles, mú ìyá níbẹ̀rẹ̀ oyún, kí ìyá ní ìtọ̀ ṣúgà tí kò rí ìtọ́jú, tàbí kí ọmọ ní Down syndrome, ìyẹn ipò abínibí kan tó ń mú kí ọmọ pẹ́ kó tó mọ nǹkan ṣe. Àwọn ọmọ Down syndrome yìí ni ìṣòro ọkàn ń bá jù, ó tó ìdajì wọn.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni ihò lára ògiri láàárín yàrá méjì ìsàlẹ̀, VSD ni wọ́n máa kọ sínú ìwé yín. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ihò kéékèèké yìí ló ń dí fúnra wọn bọ́mọ ṣe ń dàgbà. Èyí tó bá tóbi, ẹ̀jẹ̀ apá òsì á máa ya wọ apá ọ̀tún, ẹ̀dọ̀fóró á kún ju bó ṣe yẹ lọ, ọmọ á máa mí hẹlẹhẹlẹ, kò ní lè jẹun sanra. Òmíràn ni PDA, páìpù kan tọ́mọ ń lò nínú oyún, tó yẹ kó pa dé láàárín ọjọ́ mélòó kan tí wọ́n bá ti bí i, àmọ́ tí kò pa dé.

Ti tetralogy of Fallot yàtọ̀. Nínú èyí, ihò wà lára ògiri, ọ̀nà tó lọ sí ẹ̀dọ̀fóró sì tún fún, torí náà ẹ̀jẹ̀ tí kò rí afẹ́fẹ́ gbà á kàn rọra ya sí ara. Ètè àti ahọ́n ọmọ á máa ní àwọ̀ aró. Tó bá sáré díẹ̀, á lóṣòó sílẹ̀, kò sẹ́ni tó kọ́ ọ, ara ẹ̀ ló mọ̀ pé bí òun bá lóṣòó, ara á tu òun. Mo máa ń rò ó pé nínú àwọn ọmọ tí wọ́n ń pè ní àbíkú láyé àtijọ́, tí wọ́n ń kọ lára, tí wọ́n ń so ṣaworo mọ́ lẹ́sẹ̀, mélòó nínú wọn ló jẹ́ pé ògiri ọkàn wọn ló lu?

Àwọn kan ò bá a wáyé. Ọmọ tó wà láàárín ọdún 5 sí 15 lè ní ọ̀nà ọ̀fun tó ń dùn ún tí wọn ò tọ́jú dáadáa, tó bá di ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀, orúnkún á wú, á lọ, ọrùn ọwọ́ á tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn ará ilé á ní làkúrègbé ni, wọ́n á fi àdí pa á. Ara ló ń bá kòkòrò ọ̀fun yẹn jà, tó wá ń ba ilẹ̀kùn ọkàn jẹ́. Bí wọ́n bá ti rí èyí lára ọmọ, abẹ́rẹ́ pẹnisílíìnì ni wọ́n á máa fún un lọ́sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta tàbí mẹ́rin-mẹ́rin fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹ má jẹ́ kó fo ọ̀kan.

Tẹ́nikẹ́ni bá sì sọ fún yín pé ọmọ tí ọkàn ẹ̀ ní àlébù ti di aláìwúlò, ẹ rán an létí Nwankwo Kanu. Ọdún 1996 tó gba góòlù Olympic fún wa ní Atlanta, ọdún yẹn náà ni wọ́n rí i pé ilẹ̀kùn ọkàn ẹ̀ kan kò dáa, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní Amẹ́ríkà, ó padà sórí pápá, ó gbá bọ́ọ̀lù fún Arsenal fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọdún 2000 ló dá àjọ tó ń ran àwọn ọlọ́kàn àìlera lọ́wọ́ sílẹ̀.

Kí ni kẹ́ ẹ máa wò nílé kí ọjọ́ tó pé?

Ibí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ sí jù, torí ohun tí mi ò mọ̀ nìyí. Mo rò pé ẹ̀rọ ló máa sọ gbogbo nǹkan. Mo dé iwájú dókítà, ó bi mí pé, "Tó bá ń mu ọmú, ìṣẹ́jú mélòó ló fi ń mu ún kó tó sinmi?" Mo ní, "Ó ń mu ún dáadáa, sà." Ó ní, "Ṣé ó ń làágùn?" Mo ní, "Ooru ń mú gbogbo wa, sà." Ẹni tó wà lẹ́yìn mi lórí ìlà fi fídíò hàn án lórí fóònù ẹ̀, bí ọmọ ẹ̀ ṣe ń mí lóru, bí ihà ẹ̀ ṣe ń wọlé tó ń jáde. Ìṣẹ́jú kan péré ni fídíò yẹn, ṣùgbọ́n dókítà wò ó lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì pe dókítà kékeré kó wá wò ó.

Ọmọ ọwọ́ ò lè sọ pé ó rẹ òun. Mímu ọmú ni eré sísá tiẹ̀. Torí náà ẹ wò ó níbẹ̀: ṣé ó ń dúró láti mí láàárín, ṣé iwájú orí ẹ̀ ń tutù fún òógùn nígbà tí ẹ̀yin ò làágùn, ṣé ó ń sùn lọ láìtíì yó tó tún jí lẹ́yìn díẹ̀ pẹ̀lú ẹkún ebi? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, iye ìgbà, iye ìṣẹ́jú. Tó bá jẹ́ fíídà ni, ẹ kọ bó ṣe mu tó.

Ẹ ka bó ṣe ń mí. Ìgbà tó bá sùn ni o, kì í ṣe ìgbà tó bá ń sunkún. Ẹ ṣí aṣọ láyà ẹ̀, ẹ wo ikùn ẹ̀ bó ṣe ń gòkè, gígòkè kan ni ẹyọ kan, kẹ́ ẹ kà á fún ìṣẹ́jú kan gbáko lójú aago. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 2, tó bá ti tó 60, ó ti yá jù. Láti oṣù 2 títí di ọdún kan, 50. Láti ọdún kan sí 5, 40. Ẹ kà á fún ọjọ́ mẹ́ta, kẹ́ ẹ kọ ọ́. Tẹ́ ẹ bá rí iye yẹn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má dúró de ọjọ́ àpọ́ìtìmẹ́ǹtì, torí ẹ̀dọ̀fóró náà lè ní àìsàn, ẹ gbé e lọ kí wọ́n wò ó.

Ti àwọ̀ aró yẹn, lára aláwọ̀ dúdú, ẹ má wo ìta ètè nìkan, ètè àwọn ọmọ wa mìíràn dúdú látilẹ̀. Ahọ́n ni kẹ́ ẹ wò, àti erìgì, kẹ́ ẹ wò ó níta nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, kì í ṣe lábẹ́ gílóòbù. Tí ahọ́n bá pupa, ó dáa. Tó bá dà bí ẹni lá aró, ẹ yà á ní fọ́tò, kẹ́ ẹ sì máa gbé e lọ.

Ọmọ tó ti ń rìn, ẹ wò ó láàárín ẹgbẹ́ ẹ̀. Ṣé òun ló ń kọ́kọ́ jókòó? Ṣé ó máa ń lóṣòó? Ṣé ó ti dákú rí lásìkò tó ń sáré tàbí lásìkò tínú ń bí i? Dídákú nígbà eré sísá kì í ṣe ohun tá a máa ń gbójú fò, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa sọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ bi àwọn àgbà. Dókítà máa béèrè bóyá ẹnì kan nínú ẹbí kú lójijì láìtíì dàgbà, bóyá ọmọ ìkókó kan ti kú rí, bóyá ẹlòmíràn ní àìsàn ọkàn. Ìyá ọkọ mi ò sọ fún mi títí mo fi bẹ̀ wọ́n, wọ́n ní wọn ò fẹ́ kí n máa ronú. Ẹ ṣàlàyé fún wọn pé kì í ṣe ká lè mọ ẹni tó jẹ̀bi, pé dókítà ló nílò ẹ̀.

Kí la máa di sínú báàgì?

Lẹ́tà yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ fi sí i, ìyẹn ló máa mú wọn ya káàdì fún yín. Káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára, torí pé ìwọ̀n ọmọ látìgbà tí wọ́n ti bí i wà nínú ẹ̀, ìwọ̀n yẹn sì ń sọ̀rọ̀ ju ẹnu wa lọ. Èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti genotype tẹ́ ẹ bá ti ṣe é, X-ray tẹ́ ẹ bá ti yà, kódà tó bá ti pẹ́.

Gbogbo oògùn tọ́mọ ń lò, ẹ kó o dání pẹ̀lú ike ẹ̀, ẹ má wulẹ̀ sọ pé "oògùn funfun kan báyìí". Àgbo náà wà lára ẹ̀. Mo mọ̀ pé ojú máa ń tì wá, a máa ń sọ pé a ò fún un ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n àgbo tó ń mú ọmọ tọ̀ tàbí tó ń mú un yàgbẹ́ lè da iṣẹ́ oògùn ọkàn rú, dókítà ò sì lè mọ̀ tẹ́ ò bá sọ. Tẹ́ ẹ bá wà lórí NHIA, ìyẹn ìbánigbófò ìlera ìjọba, ẹ lọ gba kóòdù lọ́dọ̀ HMO yín, ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó o fún yín, kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, wọ́n máa ń dá èèyàn padà nítorí ẹ̀.

Ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n ń ṣe kílíníìkì ọkàn ọmọdé. UCH n'Íbàdàn, LUTH ní Ìdí-Àràbà, LASUTH n'Íkẹjà, OAUTHC ní Ifẹ̀, gbogbo wọn ló ní dókítà ọkàn ọmọdé, àmọ́ irú kílíníìkì yìí kì í sábà jẹ́ ojoojúmọ́. Ẹ béèrè iye owó echo, ìyẹn sikáànù ọkàn, náà, torí ó lè jẹ́ pé ọ̀tọ̀ ni ibi tí wọ́n ti ń san án, ọ̀tọ̀ sì ni ọjọ́ tí wọ́n máa ṣe é.

Aṣọ ọmọ, kó jẹ́ èyí tó ń ṣí níwájú. Ẹ má fi òrí tàbí rọ́ọ̀bù pa á láyà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, nǹkan kan wà tí wọ́n máa lẹ̀ mọ́ ọn lára tí kò ní dúró lórí òróró. Kò gbọdọ̀ sí làálì tàbí ọ̀dà lórí èékánná. Pámpáàsì, aṣọ ìyàrọ̀, fíídà, fóònù tó kún fún bátìrì tí kàtúùnù wà lórí ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá lè rí ẹlòmíràn bá yín lọ, ó máa dáa, kí ẹnì kan gbé ọmọ, kí ẹnì kejì gbọ́ ohun tí dókítà ń sọ.

Kí ni wọ́n máa ṣe fún un níbẹ̀?

Wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á wọn gíga ẹ̀. Wọ́n á fi nǹkan kékeré kan tó ní iná pupa há a ní ìka, kò dùn ún, ó ń ka bí afẹ́fẹ́ ṣe tó nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀. Ọmọ tára ẹ̀ le, 95 sókè ló máa ń jẹ́. Wọ́n á wọn ìfúnpá, nígbà mìíràn lápá àti lẹ́sẹ̀, ẹ má bínú pé wọ́n ń fàkókò ṣòfò, wọ́n ń wò ó bóyá páìpù tó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sẹ́sẹ̀ fún níbì kan.

Lẹ́yìn náà ni ECG. Wọ́n á lẹ àwọn nǹkan pẹlẹbẹ mọ́ ọn láyà, lápá, lẹ́sẹ̀, wáyà á jáde lára wọn. Bí mo ṣe rí wáyà yẹn ni mo fa ọmọ mi sẹ́yìn, mo rò pé wọ́n fẹ́ fi iná NEPA gbọ̀n ọ́n ni. Rárá o. Ẹ̀rọ yẹn kì í fún èèyàn ní iná, ọkàn fúnra ẹ̀ ló ní iná tín-ín-rín tó fi ń lù, ohun tí ẹ̀rọ ń gbọ́ nìyẹn tó fi ń yàwòrán òkè-òkè ìsàlẹ̀-ìsàlẹ̀ sórí pépà. Kò pé ìṣẹ́jú mélòó kan.

Echo ni ọ̀gá wọn. Sikáànù tí wọ́n fi wo ọmọ yìí nígbà tó wà nínú yín, òun náà ni, àyà ni wọ́n wá gbé e lé. Wọ́n á fi jẹ́ẹ̀lì tútù kùn ún láyà, wọ́n á máa yí nǹkan bíi ìdí ìlù kékeré kiri lórí ẹ̀. Kò sí abẹ́rẹ́, kò sí ìtànṣán X-ray, kò dùn ún, àfi pé ó lè tó ìṣẹ́jú 30 sí wákàtí kan, ọmọ sì gbọ́dọ̀ dúró jẹ́ẹ́. Ẹ máa rí àwọ̀ pupa àti búlúù lójú ẹ̀rọ. Ọkàn mi já nígbà tí mo rí búlúù, mo ní ẹ̀jẹ̀ burúkú ọmọ mi nìyẹn. Dókítà obìnrin yẹn ò tiẹ̀ bojú wẹ̀yìn, ó ní, "Mọ̀mí, ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń lọ ló ń fi hàn wá. Èyí tó ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ ọwọ́ mi ni pupa, èyí tó ń lọ ni búlúù." Mo wá rí i, fẹ́ẹ́rẹ́ pupa kan tín-ín-rín, bí ìgbà tí iná àtùpà bá yọ gba àlàfo ilẹ̀kùn, ó ń yọ láti yàrá kan bọ́ sí èkejì. Ihò náà nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ oògùn oorun àti àkàrà

Ìgbà yẹn ni ìgbà kejì tá a lọ fún echo, ẹ jẹ́ kí n sọ ti àkọ́kọ́. Àwọn ọmọ tí kò bá lè dúró jẹ́ẹ́, pàápàá láti ọmọ oṣù mélòó kan sí bí ọdún 3, wọ́n lè fún wọn ní oògùn tó máa mú wọn sùn. Kí wọ́n tó fún un, inú ọmọ gbọ́dọ̀ ṣófo, torí tó bá bì nígbà tó ń sùn, èébì lè wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ ni pé oúnjẹ àti mílíìkì gbọ́dọ̀ ti dúró ní wákàtí 6 ṣáájú, ọmú ìyá ní wákàtí 4, omi lásán ní wákàtí 2, àmọ́ èyí tí kílíníìkì yín bá sọ ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé.

Wọ́n sọ fún mi, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n nínú mọ́tò láti Ìwó Road, ọmọ yìí ń ké, àwọn èrò ń wò mí, ìyá kan lẹ́yìn ní "ẹ fún ọmọ ní nǹkan jẹ jàre, ṣé ẹ fẹ́ kó kú ni?" Mo ra àkàrà méjì, mo fún un ní ìlàjì ọ̀kan. A dé'bẹ̀, nọ́ọ̀sì ní "Mọ̀mí, ọmọ jẹ nǹkan láàárọ̀?" Mo ní rárá. Ó tẹ̀ síwájú, ó fi ìka nu ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọmọ mi, ẹ̀ẹ́rún àkàrà ló wà lórí ìka ẹ̀. Kò pariwo mọ́ mi, ó kàn wò mí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀ ni wọ́n tó tún rí ààyè fún wa.

Torí náà ẹ jẹ́ kí wọ́n fún yín ní àárọ̀ kùtù, kẹ́ ẹ fún un lóúnjẹ kó tó sùn lóru, kẹ́ ẹ gbé oúnjẹ dání fún ìgbà tó bá jí. Tọ́mọ bá sì ti jẹun, ẹ sọ òtítọ́. Tí kò bá nílò oògùn oorun, ìdàkejì ni o, ẹ má fún un lọ́mú títí wọ́n á fi pè yín, ẹ wá fún un lórí bẹ́ẹ̀dì, á dákẹ́ bí ẹni tó sùn.

Kí la máa sọ fún ọmọ fúnra ẹ̀?

Ọmọ ọdún 4 sókè ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Ẹ sọ fún un lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, pé dókítà fẹ́ gbọ́ bí àyà ẹ̀ ṣe ń dún, pé wọ́n á fi nǹkan tútù kùn ún, tẹlifíṣọ̀n máa wà níbẹ̀. Ẹ má sọ pé kò sí abẹ́rẹ́ tẹ́ ò bá mọ̀, wọ́n lè nílò ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ fún àyẹ̀wò, tẹ́ ẹ bá sì ti parọ́ fún un lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀yin àti òun lẹ jọ máa jà lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ mìíràn. Ẹ má sì fi dókítà dẹ́rù bà á nílé, "màá pe dókítà fún ẹ o", ìyá wo ni kò sọ ọ́ rí?

Kí la máa bi dókítà?

Kí lorúkọ ohun tó ń ṣe é, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n yà á lórí pépà fún yín, wọ́n máa yà á. Ṣé ó máa dí fúnra ẹ̀? Ṣé ó lè ṣe eré ìdárayá níléèwé? Ìgbà wo la máa padà?

Tí dókítà bá ní "a máa máa wò ó", ẹ má rò pé wọn ò ka ọmọ yín sí. Ohun tí wọ́n sọ fún mi nìyẹn, mo bínú, mo ní ṣé bí mo ṣe sanwó tó nìyí kí wọ́n máa wo ọmọ mi lójú. Àwọn ihò kan wà tó jẹ́ pé dídúró ni ìtọ́jú wọn. Tí wọ́n bá kọ oògùn, bíi èyí tó ń mú ọmọ tọ̀, ẹ ní kí nọ́ọ̀sì fi síríǹjì hàn yín ìlà tẹ́ ẹ máa fà á dé, torí a sábà máa ń lọ tábúlẹ́ẹ̀tì àgbàlagbà fún ọmọdé ni, àṣìṣe kékeré sì lè pọ̀ jù fún un. Ẹ má dá oògùn dúró torí pé ara ọmọ ti yá, oògùn yẹn ló lè jẹ́ kó yá.

Tó bá jẹ́ iṣẹ́ abẹ ni, kì í ṣe òkè òkun nìkan ni wọ́n ti ń ṣe é. Ọdún 1974 ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣí ọkàn ní Nàìjíríà, ní Enugu. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ dókítà yín ibi tó sún mọ́ yín, kẹ́ ẹ sì bèèrè àwọn àjọ tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́, kẹ́ ẹ tó gbé fọ́tò ọmọ sórí Facebook fún ìtọrọ owó.

Ohun kan tó yà mí lẹ́nu: eyín. Ẹ fọ eyín ọmọ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, tó bá sì fẹ́ yọ eyín, ẹ sọ fún oníṣègùn eyín pé ọkàn ẹ̀ ní nǹkan. Kòkòrò ẹnu lè gba ẹ̀jẹ̀ lọ lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn ọkàn.

Ìgbà wo ni kí a má dúró de ọjọ́ àpọ́ìtìmẹ́ǹtì?

Tó bá ń mí débi pé kò lè mu ọmú mọ́, tó bá dákú, tí ahọ́n ẹ̀ bá di aró lójijì, tójú tàbí ẹsẹ̀ ẹ̀ bá wú, ọsibítù tó sún mọ́ yín jù ni, òru tàbí ọ̀sán, ẹ mú ìwé ẹ̀ dání. Tọ́mọ tí wọ́n ti ní ó ní Fallot bá di aró tó ń ké tó ń mí gúlegúle, ẹ ká orúnkún ẹ̀ méjèèjì mọ́ ọn láyà, kẹ́ ẹ gbá a mọ́ra bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, kẹ́ ẹ máa gbé e lọ. Kì í ṣe gìrì. Ẹ má ti ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má da àgbo ìtọ̀ màálù sí i lọ́nà ọ̀fun, ẹ má da omi tútù lù ú.

Kẹ́ ẹ tó kúrò ní kílíníìkì, ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n kọ sórí káàdì, kẹ́ ẹ sì fi fóònù ya èsì echo ní fọ́tò níbẹ̀ gan-an, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí bàbá ọmọ. Tèmi, mo ká a sínú báàgì tí mo gbé kúlà oúnjẹ sí, ká tó dé Mókóla, ọbẹ̀ ti dà lé e, nọ́ńbà tó sọ bí ihò yẹn ṣe tóbi tó ni epo bò mọ́lẹ̀.